Ìyá Àgbà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 1986

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí Màmá, mo kí gbogbo ilé. Ẹ kú ìfaradà. Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀? Ṣé ẹ ń ṣe eré ọwọ́ tí dókítà ní kí ẹ máa ṣe láràárọ̀, àbí ẹ kàn ń jẹ́ kí Màmá máa pariwo lásán? Ara tèmi le. Òtútù ìlú òyìnbó yìí nìkan ló ń fi ojú mi rí màbo.

Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní láti oṣù mẹ́jọ tí àìsàn ti dá yín wólẹ̀, ẹ ò tíì tẹsẹ̀ bọ ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé, àgádágodo ẹnu ọ̀nà ti dógùn-ún. Ó tún ní ẹ fẹ́ kí Jẹ́jẹ́, ọmọ iṣẹ́ yín àtijọ́, wá kó gbogbo irinṣẹ́ lọ. Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe fítà ní rélùwéè. Ìgbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ kọ́ ìsọ̀ sẹ́yìn ilé, ẹ ń tún sítóòfù àti ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá kó irinṣẹ́ yẹn lọ, kí lẹ fẹ́ máa jí ṣe?

Mi ò bẹ̀ yín. Mo mọ̀ yín, ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ yín létí. Ìjà ni mo gbé wá.

Ẹ rántí pé àwa mẹ́fà la jókòó sí yàrá kan níbi tí a ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Bàbá kan wà tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi. Onígíláàsì ni mò ń pè é, torí ìgò ojú kan wà nímú rẹ̀, òmíràn wà lórí rẹ̀. Bí a bá lọ sí ìsinmi ọ̀sán, kì í jẹun, fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin ló ń mú. Ó ń fi páànù àti irin tín-ín-rín ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ṣe é gbé lé tábìlì. Kò ra ẹ̀yà kankan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ rí. Òun ló ń gé gbogbo rẹ̀, òun ló ń jó o pọ̀. Ó ní àwọn bíi tòun pọ̀ káàkiri, wọ́n sì máa ń pe ara wọn níjà tọ̀rẹ́tọ̀rẹ́, láti wo ẹni tí tirẹ̀ máa rìn. Mo ní bàbá mi ò bá kékeré ṣeré o, gidi ló máa ń tún ṣe. Ó ní, "Ẹni tó ti tún gidi ṣe ni ẹ̀rù kékeré máa ń bà jù."

Bàbá, mi ò lè gbé ìyẹn mì. Ẹ jẹ́ kí èmi pẹ̀lú yín jọ ṣe Ìyá Àgbà, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ẹ tún ṣe títí wọ́n fi wó o. Ẹ ṣe tiyín nílé, èmi á ṣe tèmi níbí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀yà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gba ìrànlọ́wọ́. Bí a bá gbé e sórí pákó tó dagun díẹ̀, kó fúnra rẹ̀ yí lọ, kí àwọn ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ róbótó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù keje ni òpin. Ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ní in.

Ọmọ yín,
Eléyín


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Eléyín,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà má sọ pé bàbá rẹ ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Bí mo bá wà lórí fóònù ilé ìfìwéránṣẹ́, ahọ́n mi á wúwo, ìwọ á máa ní kí n tún un sọ, ojú á sì máa tì mí lójú àwọn tó tò sẹ́yìn. Lẹ́tà dára. Lẹ́tà kì í kólòlò.

Ta ló rán ọ sí mi? Dókítà ni àbí ìyá rẹ? Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀. Ọmọ tó ń fi ìda ṣe eyín ló ń pe fítà rélùwéè níjà. Ayé ti yí.

Mo fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Onígíláàsì yẹn sọ ò kúrò nínú mi. Ní ọjọ́ kejì mo bá ara mi níwájú ìsọ̀. Ìyá rẹ ló fi epo sí àgádágodo náà kó tó ṣí. Eruku ti bo gbogbo nǹkan. Mo mú fáìlì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó bọ́. Mo mú un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bọ́. Mo jókòó sórí àpótí títí ara mi fi balẹ̀.

Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Mo gbà láti bá ọ díje, ṣùgbọ́n èmi náà ní òfin tèmi. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, tí mi ò bá parí Ìyá Àgbà pẹ̀lú ọwọ́ yìí, irinṣẹ́ wọ̀nyí ò ní í jẹ́ tèmi mọ́. Wọ́n á lọ bá ẹni tó máa lò wọ́n. Ìwọ ò ní í bẹ̀ mí, ìyá rẹ ò ní í sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní í kó àwọn àgbà ẹbí wá bá mi. Mi ò fẹ́ kí irinṣẹ́ máa wò mí nínú ilé bíi pé mo jẹ wọ́n ní nǹkan. Mo ti sọ fún Jẹ́jẹ́ kó ní sùúrù títí di ìgbà yẹn.

Ìwọ̀n wà nínú ìwé kejì. Mo fi rúlà mi wọ̀n ọ́n lára àwòrán tí mo yà sórí pákó lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì. Tọ́jú rẹ̀, mi ò kọ òmíràn sílẹ̀. Lára pákó lèmi á ti máa wo tèmi.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó rán mi sí yín. Bí òórùn oògùn bá ń jáde lára lẹ́tà, ibi iṣẹ́ ló ti wá, torí gbogbo aṣọ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Òfin yín le jù, mo sì fẹ́ jiyàn, àmọ́ ẹ ti ní kí n má bẹ̀ yín. Mo gbà á pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Mo da ìwọ̀n kọ sínú ìwé tèmi lálẹ́ ọjọ́ tó dé, mo sì fi tiyín pa mọ́ sínú àpótí lẹ́tà, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Agolo bísíkíìtì ńlá ni mo fẹ́ fi ṣe ara rẹ̀. Ní ti ìkòkò tí omi ti ń hó, mo rí ọ̀pá idẹ kan tí ìyá onílé mi ti ń fi kọ́ kọ́tìnì tẹ́lẹ̀. Ó fún mi, ó ní kí n sá ti wí fóun ohun tí mo ń fi í ṣe. Mo wí fún un, kò gbà mí gbọ́. Ó ti ń gbọ́ ìró fáìlì nínú yàrá mi lókè, ó sì ti ń rò pé èékánná ni mò ń rẹ́. Ó ní òun ò rí ẹni tí èékánná rẹ̀ ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Yàrá náà kéré, Bàbá. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi á kan tábìlì, orí mi á kan òrùlé tó dagun. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo kàn máa ń dùbúlẹ̀ ni, mo máa ń wo òrùlé. Báyìí, mo ti ń sáré gòkè. Mi ò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ń wá ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe fún ara mi, yàtọ̀ sí eyín ẹlẹ́yín.

Ẹsẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Báwo ni wọ́n ṣe ń gé páànù kó rí róbótó láìní ẹ̀rọ tó ń yí i? Tèmi rí bí ewé tí kòkòrò jẹ. Ẹ gbà mí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni mò ń bá díje.

Ọmọ yín,
Eléyín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Eléyín,

O ń bi ẹni tí ò ń bá díje bí a ṣe ń ṣe é. Ojú rẹ ò tilẹ̀ tì ọ́. Gbọ́. Gé e sí igun mẹ́jọ, gé igun mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún, kó tó kan fáìlì. Lu ihò sí àárín gan-an, kan ìṣó bọ̀ ọ́, ki orí ìṣó sẹ́nu dírílì ọwọ́, gbé fáìlì tì í, kí o máa yí i. Má tẹ̀ ẹ́. Fáìlì ló máa sọ fún ọ ibi tó ga. Bó bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì róbótó. Bó bá ń kùn lọ láìdánu dúró, ó ti débẹ̀.

Ohun tí mo kọ sókè yìí, ó dùn láti kọ ju láti ṣe lọ. Ọwọ́ òsì mi ń yí dírílì, ọwọ́ ọ̀tún ni kó di fáìlì mú, kò sì gbà. Mo ti so fáìlì mọ́ ọwọ́ náà pẹ̀lú àkísà. Fáìsì tó ń di irin mú wà lápá ọ̀tún tábìlì, ọwọ́ òsì mi ò dé ibi tí mo ti lè fún un, nítorí náà ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ páànù mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo sọ gbogbo rẹ̀ lu ògiri. Ìyá rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé o ti parí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, wá jẹun kó o tó padà wá sọ èyí tó kù."

Mo ti ṣe ẹsẹ̀ kan. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ayé ìjọ́sí mo lè ṣe mẹ́fà kí tíì tó tutù. Síbẹ̀ mo gbé e sórí ìka, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó yí. Eléyín, omi bọ́ lójú mi. Mi ò wí fún ìyá rẹ, má wí fún un.

Nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ìyá rẹ ní orúkọ àbúrò mi obìnrin tó ti kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bóyá ó kàn rẹ̀ mí ni.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ẹsẹ̀ kan o. Mi ò wí fún Màmá. Ti orúkọ tẹ́ ẹ ṣì pè yẹn, ẹ má fi sọ́kàn. Èmi náà pe ọ̀gá mi ní "Màmá" lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan, mi ò sì ṣàìsàn.

Wàyí o, mo ní ẹ̀sùn láti fi kàn yín.

Dírílì àti ìṣó yẹn ṣiṣẹ́ dé góńgó. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà róbótó. Mo gé ara, mo jó ìkòkò mọ́ ọn, mo lu gbogbo ihò. Lọ́jọ́ Àìkú mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tìdùnnú tìdùnnú. Bàbá, ta ni mo rí lórí tábìlì? Kì í ṣe Ìyá Àgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, gbogbo wọn kó jọ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Imú yọ síwájú, ìdí yọ sẹ́yìn. Ọ̀pá èéfín ò ga ju ìdérí ìgò lọ. Ó lóṣòó bíi pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Mo gbé e lọ fún Onígíláàsì, ó bọ́ ìgò ojú méjèèjì, ó tún wọ̀ wọ́n padà, ó ní, "Ṣé bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ ṣá?"

Òótọ́ lẹ fẹ́ fi ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ nà mí? Àbí ẹ ò wo pákó dáadáa, ẹ kàn ń kọ ohun tó bá ti wá sọ́kàn? Mo wọn tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá ohun tó wà nínú ìwé mi mu rẹ́gí. Nítorí náà ọwọ́ yín ni àṣìṣe ti wá, ẹ jẹ́wọ́. Fítà ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo máa sọ fún gbogbo ayé.

Ẹ dá mi lóhùn kíá, kí n mọ bí mo ṣe máa gba pẹ́pẹ́yẹ yìí là.

Ọmọ yín,
Eléyín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara ìyá rẹ le. Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ.

Mi ò fi ìwọ̀n tàn ọ́ jẹ. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi jókòó ti pákó náà, mo sì rò pé ohun tí mo rí ni mo kọ. Bí ohun tí mo kọ bá wọ́ tó bí o ṣe sọ, a jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni àìsàn yìí mú.

Ọwọ́ tí kò gbọ́ràn, mo lè máa bá a jà. Mo tiẹ̀ ti ń gbádùn ìjà náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú mi ń rí mẹ́ta, ọwọ́ mi ń kọ méjì, tí èmi ò sì mọ̀, kí ni mo fẹ́ fi bá ìyẹn jà? Láti ọjọ́ tí mo ti pe ìyá rẹ lórúkọ olóògbé ni ara ti ń fu mí. Ìwọ wulẹ̀ là mí lóye ni. Mi ò bínú sí ọ.

Ẹsẹ̀ méjì ni mo ti ṣe. Mo kó wọn sínú agolo, mo sì ti ilẹ̀kùn. Kò yẹ kí a dúró dé ìparí oṣù keje. Fítà tí kò lè ka rúlà mọ́, kò yẹ kó jókòó ti irinṣẹ́ tí ẹni tí orí rẹ̀ pé lè fi jẹun. Mo ti ránṣẹ́ sí Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ló máa gbé ọkọ̀ wá.

Má kọ nípa Ìyá Àgbà sí mi mọ́. Kọ nípa ìlera rẹ.

Bàbá rẹ


WÁYÀ. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

BÀBÁ Ẹ MÁ JẸ́ KÍ JẸ́JẸ́ KÓ IRINṢẸ́ O. ÌWỌ̀N YÍN PÉ. ORÍ YÍN PÉ. ÈMI NI MO ṢÌ Í. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. ELÉYÍN.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán lórí àtẹ̀gùn, mo sáré gòkè padà. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, Bàbá. Mo fi ẹnu ara mi sọ yín di ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Mo ṣí àpótí lẹ́tà, mo mú ìwé ìwọ̀n yín jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mo dà á kọ sí. Ẹsẹ̀: ẹ kọ ínṣì mẹ́ta, mo kọ méjì. Láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì: ẹ kọ mẹ́rin, mo kọ mẹ́ta. Ọ̀pá èéfín: ẹ kọ méjì, mo kọ ọ̀kan. Gbogbo gígùn rẹ̀: ẹ kọ ogún, mo kọ mọ́kàndínlógún. Kò sí ẹyọ kan tí mi ò yọ ínṣì kan kúrò lára rẹ̀. Mo wọn pẹ́pẹ́yẹ náà pẹ̀lú ìwọ̀n yín, mo rí i pé Ìyá Àgbà gan-an lẹ fún mi. Èmi ni mo gé e kúrú.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo yọ ọ́. Rúlà yín ni. Rúlà irin yẹn tí ínṣì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti gé kúrò, tó jẹ́ pé láti orí "ọ̀kan" lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ti gbé e lé irin, tó ní "Ọ̀gá, méje ni," ẹ̀yin á pariwo láti ibi tẹ́ ẹ wà, "Yọ ọ̀kan kúrò!" Nígbà tí mo rí i nínú lẹ́tà yín pé rúlà yín lẹ fi wọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi kàn ń yọ ọ̀kan kúrò ni. Mi ò tiẹ̀ ronú sí i.

Ẹ ò sọ fún mi nípa rúlà yẹn rí. Mo mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ lẹ máa ń lé mi. Àmọ́ ihò kan wà lára pákó ẹ̀yìn, lápá ibi tí garawa òjò wà. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń da garawa délẹ̀ tí mò ń jókòó lé e, tí mò ń yọjú. Mo mọ bí ẹ ṣe ń di fáìlì mú. Mo mọ èyí tí Jẹ́jẹ́ bà jẹ́ tó fi pa mọ́. Ní ilé ìwé, gbogbo ìlà tí tíṣà bá ní ká wọ̀n ni mò ń yọ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀, mo gba òdo, ẹ sì bá mi wí pé mi ò fọkàn sí ìwé. Mo fọkàn sí i, Bàbá. Ohùn yín ni mò ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin náà ò ṣe dáadáa. Ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ kó gbogbo ayé yín fún ẹlòmíràn. Ẹ ò bi mí pé, "Eléyín, fi ìwé yẹn ránṣẹ́ padà kí n wò ó." Ẹ kàn gbà pé ó ti parí. Ó dùn mí, mo sì ní láti sọ ọ́.

Bí wáyà yìí bá pẹ́ jù, tí Jẹ́jẹ́ ti kó wọn, ẹ lọ gbà wọ́n padà. Màmá, bí ẹ bá wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka èyí, ẹ bá mi ti Bàbá jáde lọ gbà wọ́n.

Ọmọ yín,
Eléyín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Eléyín mi,

Sátidé yẹn, Jẹ́jẹ́ dé ní agogo mẹ́sàn-án. Ó ti tú fáìsì kúrò lára tábìlì, ó ti gbé àpótí fáìlì sínú ọkọ̀, ó ku dírílì, nígbà tí oníwáyà gun kẹ̀kẹ́ wọlé. Ìyá rẹ ló gbà á. Àyà rẹ̀ já, torí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ni wáyà sábà máa ń mú wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e fún Jẹ́jẹ́, ó kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù. O mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó lè mú un kánjú.

Ìgbà tó kan fáìsì, ó dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ òsì lẹ fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Kí ló wá dé tí fáìsì fi ń wà lápá ọ̀tún?"

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ páànù mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ronú kàn án, èmi gan-an ò ronú kàn án. Ó lu ihò mẹ́rin sápá òsì, ó dè é mọ́ ibẹ̀, ó kí wa, ó wa ọkọ̀ òfìfo lọ.

Síbẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní bóyá ò ń tù mí nínú ni. Àná ni lẹ́tà rẹ wá dé. Mo gbé rúlà, mo lọ sídìí pákó, mo wọn ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lára àwòrán. Ínṣì mẹ́ta. Mo wọn àlàfo rẹ̀. Mẹ́rin. Gbogbo ohun tó o ní mo kọ ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó, mo mú bírò.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí ìwọ̀n náà fi wá bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ọ̀kan kúrò fún ọ kí n tó kọ ọ́. Mo ní, kí ni ọmọ yìí mọ̀ nípa rúlà mi? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni mo kọ́, mo sì sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ, mo lé ọ. Mo máa ń sọ fún ìyá rẹ pé kí irin má bàa ta sí ọ lójú. Apá kan rẹ̀ lòótọ́ nìyẹn. Èyí tó kù ni pé mo gbà pé ìsọ̀ kì í ṣe ibi ọmọbìnrin. Mo rí ihò ẹ̀yìn yẹn o. Mo rò pé ikán ló jẹ ẹ́.

Mo ṣẹ̀ ọ́, Eléyín. Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó gún. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ mi jù nínú gbogbo àwọn tí mo bí, mi ò sì kọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Má bínú sí mi.

Mo ti ṣí ìsọ̀ láti àárọ̀ yìí. Òfin mi ò yí padà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bínú sí yín. Mo ti bínú rí, ó ti pẹ́, òun ló gbé mi wá síbí. Kò sí mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú ìwọ̀n gidi. Onígíláàsì ní kí n má wó pẹ́pẹ́yẹ náà, ó ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Ó ti gbé e sórí tábìlì tirẹ̀. Ó sì ní kí n kí yín, pé òun gbé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa yín mì.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹnu mi. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo sórí ìwé, ó ti tó.

Ọmọ yín,
Eléyín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Eléyín mi,

A kí ọ nílé. Ìyá rẹ ní ṣé o ń jẹun.

Lẹ́tà rẹ dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sún ọjọ́ síwájú. Òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe ni. Mo ṣiṣẹ́ láràárọ̀ títí oòrùn á fi wọ inú ìsọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń di fáìlì mú láìsí àkísà, kì í pẹ́, àmọ́ ó ń dì í mú. Ara Ìyá Àgbà ti pé. Ìkòkò rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pá èéfín rẹ̀ nàró. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mo fẹ́ parí ẹsẹ̀ kẹfà, fáìlì yọ̀, ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ sí méjì. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ márùn-ún.

Nítorí náà mi ò parí. Irinṣẹ́ ò sì jẹ́ tèmi mọ́.

Ìyá rẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rán an létí pé a ti sọ ọ́. Mo ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ní mo sọ pé wọ́n á lọ bá ẹni tó máa lò wọ́n, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ wáyà." Ó fi ọ̀dà funfun kọ ELÉYÍN sára àpótí fáìlì, sára dírílì, sídìí fáìsì. Ọwọ́ rẹ̀ ò dára, àmọ́ ó ṣe é kà.

Gbogbo rẹ̀ di tìẹ látàná. Ibí ni wọ́n á wà títí wàá fi wá. Èèkù àwọn fáìlì náà ò dáa fún ọ, ọwọ́ mi ló ti jẹ wọ́n, wọ́n ti tóbi jù. Mo fẹ́ gbẹ́ tuntun. Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ lé ìwé, fi bírò yí i ká, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹsẹ̀ kan ló kù kí Ìyá Àgbà tó lè rìn, mi ò sì ní fáìlì. Mo fẹ́ yá tìẹ lò. Èyí tó róbótó yẹn, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo máa nù ún kí n tó dá a padà sí àyè rẹ̀. Jọ̀ọ́, tètè dá mi lóhùn, torí mi ò ní í fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ.

Bàbá rẹ